Awò Ojú Tí Ń Ya Fọ́tò

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lágbo ilé wa l'Ókè-Ọbà, Èrúwà, nígbà Kérésì tó kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé òkè òkun wá kí wa. Awò dúdú kan báyìí ló wọ̀, ó sì bá a lójú mu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ jókòó ti Màmá níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Màmá so ìró mọ́ àyà, wọn ò wé gèlè, wọ́n ń rojọ́ ilẹ̀ ẹbí fún un, ẹni tó gbà á láìtọ́ àti ẹni tó yẹ kó ni ín. Nígbà tó dalẹ́, Màmá dédé gbọ́ ohùn ara wọn nínú fóònù ọmọ yìí.

"Ìgbà wo lo yà mí?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ojú kámẹ́rà bíńtín tó wà ní igun awò náà. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Fọ́tò tí n kò múra fún, ta ló ni ín?"

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Ṣebí fọ́tò kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Láti 1896 ni Neils Walwin Holm, ará Gold Coast, ti ṣí ilé fọ́tò sí Èkó. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ náà wọ inú ìlú lọ. Láyé àwọn bàbá wa, ọjọ́ tí a óò ya fọ́tò, ọjọ́ ńlá ni. A ó wẹ̀, a ó yọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí, a ó jókòó ganrangandan. Stephen Sprague, òyìnbó Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí iṣẹ́ yìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1978. Ó rí i pé àgbà tó bá fẹ́ ya fọ́tò gbọ́dọ̀ kọjú sí kámẹ́rà gbọọrọ, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, kí gbogbo ara rẹ̀ hàn, kí aṣọ rẹ̀ sì fẹ̀. Oní-fọ́tò ò gbọdọ̀ ká a mọ́ ibi tó ti ń yún ara.

Ohun tó tún kọ nípa ìbejì ló jọ mí lójú jù. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, oní-fọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á so fọ́tò méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó ni. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo, á wọ aṣọ ọkùnrin, á tún wọ ti obìnrin. Ní Ìbàràpá tiwa níbí, níbi tí gbogbo ayé ti mọ Igbó-Ọrà mọ́ ìbejì, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Màmá ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n nígbà náà. Àwọn ni wọ́n jókòó lápá ọ̀tún, àwọn náà ni wọ́n jókòó lápá òsì ní ipò ìkejì wọn tó ti lọ. Ẹ lè pè é nírọ́ bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ irọ́ tí ẹbí fọwọ́ sí ni.

Kámẹ́rà wá ń kéré sí i. Ní 1900, Kodak ta Brownie ní dọ́là kan péré, mẹ̀kúnnù bẹ̀rẹ̀ sí ya ara rẹ̀. Nǹkan bí 1980 ni Steve Mann, ará Kánádà, ti ń de ẹ̀rọ mọ́ ojú. Google Glass dé ní 1,500 dọ́là ní 2013, àwọn ilé ọtí kan l'Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ má wọlé, ní 2015 wọ́n dáwọ́ títà rẹ̀ fún ará ìta dúró. Ray-Ban Stories tẹ̀ lé e ní 2021, Ray-Ban Meta ní 2023. Apá awò náà ló ń sọ̀rọ̀ sétí ẹni tó wọ̀ ọ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè má gbọ́. Nígbà tí rediffusion dé Èkó ní 1935, tó sì dé Ìbàdàn ní 1939, aṣọ̀rọ̀mágbèsì la sọ ọ́. Èyí ń gbèsì o! Bi í pé kí ni mò ń wò yìí, á dáhùn.

N kò kórìíra rẹ̀. Ó lè ka lẹ́tà fún ẹni tí ojú ń dùn. Èrúwà ò sì bẹ̀rù ẹ̀rọ: níbí ni Dókítà Olúyọ̀mbọ̀ Awójobí, tó kú ní 2015, ti fi rìmù kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ iná funfun kékeré ni wọ́n ní ó ń kìlọ̀ pé awò náà ń yà yín. Nínú oòrùn Ìbàràpá, ta ni yóò rí i? Bí àgbà bá tilẹ̀ rí i, ta ló sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un? Ní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ Harvard méjì fi hàn pé a lè fi irú awò yìí wo ojú àlejò, ká sì ti ibẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òfin wà lóòótọ́. Abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, òfin ààbò ìsọfúnni sì tún dé ní 2023. Àmọ́ ta ni yóò gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ kóòtù?

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ yìí pa fọ́tò àti ohùn náà rẹ́ lójú Màmá, pàápàá ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn. Màmá wẹ̀, wọ́n wé gèlè, wọ́n gbé àga síta, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Ó yá, yà mí."

Ó fẹ́ mú fóònù, wọ́n ní rárá, awò yẹn gan-an ni kó lò. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá wọ awò dúdú wọ agbo ilé wa, Màmá á kọ́kọ́ ní kó bọ́ ọ kí wọ́n tó jẹ́ ìkíni rẹ̀.