Láti Orí Wáyà dé Ojú Gíláàsì: Bí Ẹni Tó Ń Darí Ẹrù Ṣe Di Ẹni Tó Ń Rí Ọ̀nà Jíjìn

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó dé ìdajì, ẹni tó rán ẹrù lọ sọ́nà jíjìn kò ní ojú kankan lọ́nà. Ìwé àkókò nìkan ni wọ́n fi ń darí ọkọ̀ ojú irin. Bí ọkọ̀ kan bá pẹ́, èyí tó yẹ kó pàdé rẹ̀ lójú irin kan ṣoṣo a dúró dè é, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ọ̀nà ṣófo. Ní ọdún 1851, Charles Minot, ọ̀gá kan ní rélùwéè Erie ní ìpínlẹ̀ New York, tẹ wáyà sí ibùdókọ̀ iwájú pé kí wọ́n dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró, ó sì pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tirẹ̀ máa lọ. Ẹ̀rù ba awakọ̀, ó kọ̀. Minot fúnra rẹ̀ ló bọ́ sídìí ọkọ̀ tó sì wà á. Bí iṣẹ́ tuntun kan ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: iṣẹ́ ẹni tó jókòó síbì kan, tó ń darí ohun tí ojú rẹ̀ kò tó.

Wáyà mú àìgbọ́ kúrò, ó sì mú àgbọ́jù wá. Ìròyìn ń wọlé láti ibùdókọ̀ gbogbo, orí ènìyàn kan kò sì lè gbà á tán. Ní ọdún 1855, Daniel McCallum, tí òun náà wà ní Erie, mú kí wọ́n ya àwòrán kan tó dà bí igi: àwọn olùdarí wà ní gbòǹgbò, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì fi hàn ẹni tí yóò jábọ̀ fún ẹnì kejì. Ní ilẹ̀ Faransé, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Ibry wá ọ̀nà mìíràn. Ó to wákàtí lọ ní ìbú, ó to ibùdókọ̀ sílẹ̀ ní òòró, ó sì fi ilà kan dúró fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilà tó ga ṣánṣán ni ọkọ̀ tó ń sáré. Èyí tó tẹ́ ni ọkọ̀ tó dúró. Ibi tí ilà méjì ti kọjá ara wọn ni ọkọ̀ méjì yóò ti pàdé. Étienne-Jules Marey, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ilẹ̀ náà, tẹ àwòrán ọ̀nà Paris sí Lyon jáde lọ́nà yìí ní ọdún 1885, àwọn tó ń ṣètò rélùwéè kò sì tíì fi í sílẹ̀ títí dòní.

Àwòrán Ibry ń sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ó kù kí àwòrán sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1927, wọ́n gbé pátákó kan kalẹ̀ ní ìlú Fostoria ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ojú irin ogójì máìlì, láti Stanley dé Berwick, wà nínú àwòrán lára rẹ̀. Iná kéékèèké ń tàn níbi tí ọkọ̀ bá dé, ọwọ́ irin sì wà nísàlẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo fi ń yí irin padà ní ọ̀nà jíjìn. Ibi tí a ti ń rí nǹkan àti ibi tí a ti ń pàṣẹ di ọ̀kan náà.

Ogun Àgbáyé Kejì ló mú àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn awakọ̀ bàálù ogun B-17 máa ń ká ẹsẹ̀ bàálù sókè nígbà tí bàálù ti balẹ̀ tán, wọ́n sì rò pé pátákó tó wà lẹ́yìn ìyẹ́ ni àwọn ń ká. Ní ọdún 1943, Alphonse Chapanis, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ náà, rí i pé bọ́tìnnì méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì jọra. Ó fi rọ́bà tó rí bíi táyà sórí ti ẹsẹ̀, ó fi èyí tó ṣe ṣóńṣó sórí ti ìyẹ́, àṣìṣe náà sì dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1947, Paul Fitts àti Richard Jones yẹ ìròyìn 460 wò nípa irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀bi ti ń kúrò lọ́rùn ẹni tó ń lo ẹ̀rọ, tó ń bọ́ sí ọrùn ẹni tó ṣe é.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ ojú omi Ideal-X gbé kọ̀nténà 58 láti Newark lọ sí Houston. Kọ̀nténà jọra, ẹrù inú rẹ̀ kò hàn síta. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀. Àkọsílẹ̀ wá ṣe pàtàkì bí ẹrù fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì gba àkọsílẹ̀ náà. Láti ọdún 1971, ẹ̀rọ IBM 3270 gbé e sójú gíláàsì, lẹ́tà ọgọ́rin ní ìbú, ìlà mẹ́rìnlélógún ní òòró. Akọ̀wé tó ti há kóòdù sórí ń fi ìka sáré lórí rẹ̀. Àjòjì kò mọ ibi tí yóò ti wọlé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1973, ilé-iṣẹ́ agbẹ́rù Federal Express fi bàálù kékeré mẹ́rìnlá gbé ẹrù 186 lọ sí ìlú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láti Memphis. Ní ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ náà so iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sórí ètò kọ̀ǹpútà COSMOS. Ní 1986, wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀rọ àfọwọ́dìmú tó ń ka bákóòdù. Ní 1994, ẹni tó ni ẹrù lè wo ibi tó dé fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà kò kọ́ kóòdù rí, nítorí náà, ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà ní láti di ọ̀rọ̀ tó yé ará ilé.

Láàárín àkókò kan náà, ewu àgbọ́jù tún padà wá. Ní oṣù Kẹta ọdún 1979, ní ilé iná àtọ́míìkì Three Mile Island, aago ìkìlọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún dún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì mọ èyí tí wọn ìbá kọ́kọ́ dá lóhùn. Ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ náà ń yí padà. Kọ̀ǹpútà Macintosh dé ní 1984 pẹ̀lú àwòrán tí a ń fi máùsì tọ́ka sí. Ní 1993, Don Norman, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, gba ipò kan ní Apple tí ọ̀rọ̀ ìrírí òǹlò wà nínú orúkọ rẹ̀. Ní 1996, Ben Shneiderman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, to ìlànà bí a ṣe ń fi ìsọfúnni púpọ̀ hàn lẹ́sẹẹsẹ: kí a kọ́kọ́ fi gbogbo rẹ̀ hàn lápapọ̀, kí a sún mọ́ ibi tó kan wa, kí a sì yọ ìyókù kúrò, kí kúlẹ̀kúlẹ̀ sì dúró títí ẹnì kan yóò fi béèrè rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mú ìdíwọ́ tó fi ń da GPS, ètò sátẹ́láìtì tó ń sọ ibi tí nǹkan wà, rú fún àwọn ará ìlú kúrò. Ní 2005, máàpù Google tí a lè fi máùsì fà dé. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan di àmì kan tó ń rìn lórí máàpù. Nígbà tí àmì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn tó ń ya ojú ètò bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tó ń lọ déédéé pamọ́, wọ́n sì ń gbé èyí tó pẹ́ tàbí tó yà kúrò lọ́nà síwájú. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dábàá ọ̀nà fúnra rẹ̀, bí ètò ORION ti ṣe fún àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ agbẹ́rù UPS. Lisanne Bainbridge, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ti kọ ọ́ láti 1983 pé bí ẹ̀rọ bá ṣe ń gba iṣẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn ṣe ń kúrò nínú iṣẹ́ náà, nígbà tó sì jẹ́ pé òun náà ni wọn yóò sáré pè bí nǹkan bá bàjẹ́.

Ọjọ́ náà dé ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017. Kòkòrò kọ̀ǹpútà NotPetya wọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Maersk, ibùdó 17 nínú 76 tí ilé-iṣẹ́ náà ní káàkiri ayé sì dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ padà sórí pépà àti WhatsApp. Ẹ̀dá kan ṣoṣo àkọsílẹ̀ tó ń ṣàkóso nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ló yè, ní Ghana, nítorí pé iná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò náà tó dé. Òṣìṣẹ́ kan gbé e wọ bàálù dé Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀, ìyẹn sì gbé e lọ sí London. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n tún kọ̀ǹpútà 45,000 tò.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021, àjọ NPA, tó ń bójú tó àwọn èbúté Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Ètò ní Apápá ní ìlú Èkó, níbi tí tírélà ti máa ń tò sórí afárá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Onímọ́tò ń forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń sanwó, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń dúró ní páàkì títí wọn yóò fi pè é. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ní òǹlò kan ṣoṣo mọ́. Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì fẹ́ rí gbogbo ìlà. Ẹni tó ni ọkọ̀ fẹ́ mọ wákàtí. Awakọ̀ ń ka fóònù kékeré nínú oòrùn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kó wọlé tàbí kó dúró. Ohun tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rí gbọ́dọ̀ bára mu, nítorí bí ọ̀kan bá yàtọ̀, tírélà kò ní kúrò lójú kan.