Ààwẹ̀, Ìṣínu àti Ìfun Àgbà

Ọdún 1745 ni Johann Lieberkühn, dókítà ará Jámánì, ṣàpèjúwe àwọn kòtò tín-ín-tìn-ín tó wà lára awọ inú ìfun. Ní 1888, Joseph Paneth rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó kún fún hóró ní ìsàlẹ̀ kòtò náà. Ó di 1974 kí Hazel Cheng àti Charles Leblond, ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, tó sọ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ tó há sáàárín sẹ́ẹ̀lì Paneth ni ìyá tó bí gbogbo ìyókù. Ní 2007, ẹgbẹ́ Hans Clevers ní Netherlands fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, awọ inú ìfun ti di tuntun. Àwọn ìyá wọ̀nyí ló ń ṣe é. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, ọwọ́ wọn á rọ̀, ìfun tó fara pa kì í sì í tètè jinná mọ́. Èmi náà ti di ìyá àgbà, torí náà ni ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ mí lógún.

Láti 1935 ni Clive McCay, ní Yunifásítì Cornell, ti fi hàn pé eku tó ń jẹun díẹ̀ máa ń pẹ́ láyé ju ajẹyó lọ. Ọdún 2012 ni Ömer Yilmaz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Massachusetts wá rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun èlírí tí wọ́n dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Èyí ló wú mi lórí jù: sẹ́ẹ̀lì Paneth ló kọ́kọ́ mọ̀ pé oúnjẹ ti dín, òun ló wá ta sẹ́ẹ̀lì ìyá lólobó pé kó máa pọ̀ sí i. Aládùúgbò rere! Ní 2018, wọ́n fi ebi pa èlírí fún wákàtí 24. Sẹ́ẹ̀lì ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sun ọ̀rá, agbára ìtúnṣe rẹ̀ sì ròkè, títí kan ti àwọn tó ti darúgbó.

Àmọ́ ní 2024, wọ́n rí i pé ìgbà tí èlírí padà jẹun ni sẹ́ẹ̀lì ń pọ̀ kíákíá jù. Bí jíìnì tó ń dènà jẹjẹrẹ bá bàjẹ́ lásìkò yẹn, kókó á tètè yọ ju tìgbà ààwẹ̀ lọ.

Èlírí ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe ènìyàn, ààwẹ̀ Ramadan wa kò sì tó wákàtí 24. Síbẹ̀, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ bi dókítà yín kí ààwẹ̀ tó wọlé, kí ẹ sì béèrè ohun tó yẹ kí ẹ fi ṣínu.