Transaction

Transaction, lẹ́nu àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ni ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ parí pátá, tàbí kó dà bí ẹni pé wọn ò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá.

Oníbàárà ra àdìrẹ lọ́wọ́ ìyá aláṣọ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ó fi fóònù san ₦8,000. Báǹkì gbọ́dọ̀ yọ owó níbì kan, kó sì fi í síbòmíì. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ àkáǹtì sì lè wà lórí kọ̀ǹpútà mélòó kan. Bó bá jẹ́ ₦10,000 péré ló wà nínú àkáǹtì oníbàárà, tí ẹlòmíì tún ń fi káàdì àkáǹtì náà gba ₦8,000 lọ́dọ̀ oní-POS ní Kútọ̀, wọ́n á ti àkọsílẹ̀ náà pa: ẹni tó kọ́kọ́ dé á mú un, èkejì á dúró. Kí gbogbo ẹ̀dà lè bára mu, kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ olùdarí á bi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti ṣe tán. Bí ọ̀kan bá kọ̀, gbogbo wọn á fagi lé e. Bí olùdarí bá kú kó tó pàṣẹ, àkọsílẹ̀ lè wà ní títì.

Láàárín báǹkì méjì, kò sí èyí tó lè ti àkọsílẹ̀ ìkejì rẹ̀ pa. Iléeṣẹ́ NIBSS, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1993, ló ń ṣe alárinà. Bí iṣẹ́ bá já lágbede méjì, wọ́n á dá owó padà lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí ìyá aláṣọ fi ń sọ pé: "Ẹ ní sùúrù, alẹ́ẹ̀tì ò tíì wọlé."