Ìtumọ̀ "king" ní èdè Yorùbá: ọba, olú, àti ọ̀ràn oyè Wàrì

Ìwé atúmọ̀-èdè kì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "king". "Ọba" ni ó máa ń kọ síwájú rẹ̀, a sì kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìdáhùn yìí tó ẹni tí ó ń ka ìtàn àlọ́. Kò tó ẹni tí ó fẹ́ túmọ̀ ìwé àdéhùn, òfin tàbí ìròyìn, nítorí pé orúkọ tí a bá fi pe alákòóso kan máa ń sọ irú àṣẹ tí ó ní àti àwọn tí ó ní in lé lórí. Ní Wàrì, ní Ìpínlẹ̀ Delta, ìyípadà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú orúkọ oyè dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní ọdún 1952.

Ọkùnrin nìkan ni "king". Bí obìnrin bá gorí ìtẹ́, Gẹ̀ẹ́sì a yí padà sí "queen", ọ̀rọ̀ kan náà tí ó fi ń pe aya ọba. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀: ọbabìnrin ni ẹni tí ó jọba fúnra rẹ̀, olorì tàbí ayaba ni ìyàwó ọba. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pe Elizabeth Kejì ní olorì ti yọ ọ́ lórí ìtẹ́ láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn pọ̀ tí ó sún mọ́ "ọba", ṣùgbọ́n wọn kò ṣeé fi rọ́pò rẹ̀ níbi gbogbo. "Kábíyèsí" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń kí ọba tàbí tí a fi ń pè é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Aládé" tọ́ka sí adé orí rẹ̀, "ọlọ́jà" sì tọ́ka sí ọjà tí ó jẹ́ tirẹ̀. Baálẹ̀ kì í ṣe ọba rárá. Ìdí nìyí tí inú àwọn ará Ìbàdàn fi dùn nígbà tí oyè olórí wọn yí padà láti Baálẹ̀ sí Olúbàdàn ní ọdún 1936. Ti ìlò àfiwé kò le: kìnnìún ni ọba ẹranko. Ṣùgbọ́n "King" ti di ara orúkọ King Sunny Adé, kò sì sí ẹni tí ń túmọ̀ rẹ̀.

"Olú" ni ó gba àkíyèsí jù. Orí tàbí àgbà nínú nǹkan ni ìtumọ̀ rẹ̀, bí ó ti hàn nínú "olú-ìlú" àti "olú-iléeṣẹ́". A tún rí i nínú oyè bí Olú Ìlaró. Láàrin àwọn Ìṣẹ̀kírì, tí èdè wọn jẹ́ ìbátan Yorùbá tímọ́tímọ́, Olú gan-an ni orúkọ oyè ọba. Ìtàn wọn sọ pé Ginuwa, ọmọ ọba Bìní, ni ó dá ìlà ọba náà sílẹ̀, nítorí náà ọba yìí tún ń jẹ́ Ogiame. Èdè Ẹdó ni ìyẹn: "ogie" ni ọba, "amẹ" ni omi. Ẹnì kan náà ni a fi èdè méjì pè, èkejì kò sì ṣeé yọ dànù. Nígbà tí Atuwatse Kejì kéde ní ọdún 2013 pé òun kò jẹ́ Ogiame mọ́ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn Kristẹni, àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ẹ̀hónú hàn títí ó fi yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Àwọn amúnisìn pàápàá mọ ìwúwo "king". Nínú àdéhùn tí wọ́n fi gba Èkó ní ọdún 1861, wọ́n gbà kí Dòsùnmú máa lo oyè náà, ṣùgbọ́n ní ìtumọ̀ tí wọ́n ní ó ń jẹ́ ní Áfíríkà. Orúkọ kù, àṣẹ lọ. Ní Wàrì, Olú Akengbuwa kú ní ọdún 1848, ìtẹ́ sì ṣófo títí di ọdún 1936. Ní àárín àkókò yìí, Nana Olomu tí ó lágbára jù lórí odò ń jẹ́ gómìnà, kò jẹ́ ọba.

Nígbà tí wọ́n fi Ginuwa Kejì joyè ní ọdún 1936, ìjọba amúnisìn fọwọ́ sí "Olu of Itsekiri", Olú àwọn Ìṣẹ̀kírì. Ní ọdún 1952, lábẹ́ Erejuwa Kejì, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ọ́ di "Olu of Warri". Àwọn Ìṣẹ̀kírì ní orúkọ àtijọ́ ni ó padà wá, nítorí pé àwọn Potogí ti mọ ìjọba wọn mọ́ orúkọ náà láti ayébáyé. Àwọn Urhobo àti àwọn ẹ̀yà mìíràn kò gbà. Wàrì tún ni orúkọ ẹkùn ńlá tí àwọn náà ń gbé nígbà náà, wọ́n sì gbọ́ oyè tuntun náà bí ẹni pé ọba kan ti di olórí gbogbo wọn. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n tí ìjọba dá ni pé wọ́n fi oyè náà sílẹ̀, wọ́n sì yí orúkọ ẹkùn padà sí Delta.

Olú ni ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó wà nínú oyè méjèèjì; ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ìjà dá lé. Ọ̀kan dárúkọ ènìyàn, èkejì dárúkọ ilẹ̀. Yorùbá kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kankan láàrin "Olú" àti "Wàrì" tí yóò sọ bóyá ìlú, ìjọba àtijọ́ tàbí ẹkùn ni a ní lọ́kàn.

Ògbufọ̀ tí ó bá kọ "ọba ìlú Wàrì" ti yan ọ̀kan nínú ìtumọ̀ wọ̀nyí fún òǹkàwé, ó sì ti gbàgbé pé àwọn Urhobo Okere ní Orosuen tiwọn, àwọn Ijaw Ogbe-Ijoh sì ní Pere. "Olú Wàrì" ni ó yẹ kí a kọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó joyè ní ọjọ́ 21, oṣù Ògọ́sítì, ọdún 2021, Atuwatse Kẹta. Kí a sì ṣàlàyé nínú gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e pé òun ni ọba àwọn Ìṣẹ̀kírì.