Ìyọ̀ǹda Láìsí Olùsanwó: Ìtàn Ìtají Ọpọlọ fún Àìsàn Aṣetúnṣe ní Amẹ́ríkà

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí ìtọ́jú tí a fi iná mànàmáná ṣe nínú ọpọlọ ṣe di ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ní ìyọ̀ǹda ní ọdún 2009 fún àwọn tí àìsàn aṣetúnṣe ti wọ̀ lára, àti ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi rí i gbà lẹ́yìn ìyọ̀ǹda náà. A fi hàn pé irú ìyọ̀ǹda tí a fún ẹ̀rọ náà gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò dì mú láti kọ̀ láti sanwó. Àbájáde wa ni pé òfin lè ṣí ilẹ̀kùn ìtọ́jú sílẹ̀ kí aláìsàn má sì lè wọlé.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí bá àìsàn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí mu. Ènìyàn lè wà láàárín wa, kí ó máa kí ará ilé kí ó sì máa kí ará oko, síbẹ̀ kí ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wákàtí ni ó fi ń fọ ọwọ́ lójoojúmọ́ kí ó tó lè jáde. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ti mọ́. Ó mọ̀ pé òun ti ti ilẹ̀kùn, pé òun kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n èrò tí kò pè yóò tún wọlé wá, ìbẹ̀rù yóò bá a wọlé, kò sì ní ní ìsinmi àfi bí ó bá tún ìṣe náà ṣe. Àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní OCD yìí ni a ó máa pè ní àìsàn aṣetúnṣe nínú iṣẹ́ yìí. Ìtọ́jú tí ó ń lo mànàmáná tàbí òòfà láti ru apá kan ọpọlọ sókè ni a ó sì máa pè ní ìtají ọpọlọ.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: bí ìjọba bá ti fọwọ́ sí ìtọ́jú kan, kí ni ó tún kù tí aláìsàn kò fi lè rí i gbà?

2.0 Àìsàn Náà àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Nǹkan bí ènìyàn 2 nínú 100 ni àìsàn yìí máa ń bá jà ní ìgbà kan nínú ayé wọn. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn dókítà gbà pé kò gbóògùn. Ní ọdún 1966, Victor Meyer, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé bí a bá ran aláìsàn lọ́wọ́ láti dojú kọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù láìṣe àṣetúnṣe, ìbẹ̀rù náà lè rọlẹ̀. Ní ọdún 1989, àjọ FDA, tí ó ń ṣàkóso oúnjẹ, oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí oògùn clomipramine fún àìsàn yìí. Ní ọdún 1989 yìí kan náà ni Wayne Goodman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n tí a mọ̀ sí Y-BOCS jáde, èyí tí ó ń fi máàkì láti 0 dé 40 díwọ̀n bí àìsàn náà ti le tó.

Ọ̀nà méjèèjì yìí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Síbẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n lo gbogbo oògùn, tí wọ́n sì ṣe gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìdojúkọ náà, tí ara kò tù wọ́n. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ ìtají ọpọlọ fi wáyé.

3.0 Òjìji Iṣẹ́ Abẹ Àtijọ́

A kò lè lóye ìṣọ́ra tí ó yí ìtọ́jú yìí ká bí a kò bá mẹ́nu ba ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1935, Egas Moniz bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn iṣan iwájú ọpọlọ àwọn aláìsàn ní ìlú Lisbon, ní ilẹ̀ Potogí. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1949. Ní Amẹ́ríkà, Walter Freeman sọ irú iṣẹ́ abẹ yìí di ohun tí a ń ṣe káàkiri, títí tí ó fi ń gba òkè ẹyinjú wọ inú ọpọlọ. Rosemary Kennedy, àbúrò ẹni tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí a ṣe é fún. Ọmọ ọdún 23 ni ní ọdún 1941 tí wọ́n ṣe é. Kò lè dá gbé títí ó fi kú.

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí okùn, yóò sá. Ìtìjú ohun tí Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe mú kí ọ̀pọ̀ ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù gbogbo iṣẹ́ abẹ tí ó bá kan ìwà àti ìrònú. Ní ọdún 1974, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti dáàbò bo àwọn ènìyàn tí a ń fi ṣe ìwádìí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ lórí iṣẹ́ abẹ yìí ní ọdún 1977, kò ní kí a fòfin dè é pátápátá. Ohun tí ó sọ ni pé ó lè ṣe àwọn kan láǹfààní, bí a bá ṣe é lábẹ́ ìṣọ́ tí ó múná.

4.0 Láti Grenoble dé Leuven

Ní ọdún 1987, ní ìlú Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, Alim-Louis Benabid ṣàkíyèsí pé bí a bá fi mànàmáná tí ń yára lu léraléra sí ibì kan nínú ọpọlọ, gbígbọ̀n ara aláìsàn a máa dáwọ́ dúró. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni dókítà ń kì bọ inú ọpọlọ. Yóò gba abẹ́ awọ ọrùn dé ibi ẹ̀rọ kékeré kan tí a tẹ̀ sí abẹ́ awọ àyà, tí bátìrì wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ pàtàkì tí ó wà láàárín èyí àti iṣẹ́ abẹ àtijọ́ ni pé a kò gé ohunkóhun kúrò. A lè dín agbára rẹ̀ kù, a lè pa á, a sì lè yọ ọ́. FDA fọwọ́ sí i fún gbígbọ̀n ara ní ọdún 1997, ó sì fọwọ́ sí i fún àìsàn Parkinson ní ọdún 2002.

Ní ọdún 1999, Bart Nuttin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Leuven, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ròyìn nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé àwọn ti gbìyànjú rẹ̀ fún aláìsàn aṣetúnṣe mẹ́rin. Ibi tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti máa ń jó díẹ̀ nínú ọpọlọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ki wáyà sí. Mẹ́ta nínú wọn jàǹfààní. Lẹ́yìn èyí, àwọn ilé ìwòsàn mẹ́ta ní Amẹ́ríkà dara pọ̀ mọ́ ti Leuven, wọ́n sì kó àbájáde aláìsàn 26 jọ. Ní ilẹ̀ Faransé, Luc Mallet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí aláìsàn 16, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2008. Ara tu àwọn aláìsàn nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ju ìgbà tí wọ́n pa á lọ. Àmọ́ ewu wà níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ ẹnì kan, kòkòrò àrùn sì wọ ojú iṣẹ́ abẹ àwọn mìíràn.

5.0 Ìyọ̀ǹda Ọdún 2009

Ní oṣù kejì ọdún 2009, FDA fún ẹ̀rọ Reclaim, tí ilé-iṣẹ́ Medtronic ṣe, ní ìyọ̀ǹda fún àìsàn aṣetúnṣe tí ó le koko. Òun ni ẹ̀rọ ìtají inú ọpọlọ àkọ́kọ́ tí àjọ náà yọ̀ǹda fún àìsàn tí ó jẹ mọ́ ìrònú. Lórí àbájáde aláìsàn 26 yẹn ni wọ́n gbé e kà. Lẹ́yìn oṣù 12, àìsàn wọn ti fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 dín kù.

Irú ìyọ̀ǹda tí a fún un ni kí a fiyè sí. Kì í ṣe ìfọwọ́sí gidi irú èyí tí wọ́n ṣe fún àìsàn Parkinson. Ìyọ̀ǹda àánú ni a lè pè é. Òfin ọdún 1990 ni ó dá a sílẹ̀ fún àìsàn tí kò wọ́pọ̀, kí àwọn tí wọ́n kéré níye má baà kú sínú àìrí-olùrànlọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń béèrè fún un kò nílò láti fi ẹ̀rí kíkún hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó nílò ni láti fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Ní ìgbà náà, iye ènìyàn tí ẹ̀rọ náà wà fún kò gbọdọ̀ tó 4,000 lọ́dún. Òfin sọ ọ́ di 8,000 ní ọdún 2016. Ìgbìmọ̀ ìṣọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí a tó lò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é kò sì gbọdọ̀ jèrè lórí rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kan kò dákẹ́. Ní ọdún 2011, Joseph Fins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Nuttin fúnra rẹ̀ wà lára wọn, kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Health Affairs pé wọ́n ṣi ìyọ̀ǹda àánú lò. Èrò wọn ni pé àbùjá tí ìyọ̀ǹda yìí là sílẹ̀ yóò mú kí ìwádìí ńlá tí ó yẹ kí a ṣe di èyí tí a kò ṣe mọ́. Ohun tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe asán.

6.0 Àwọn Adójútòfò àti Ọ̀rọ̀ Náà "Ìdánwò"

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ó máa ń san owó ìtọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Owó iṣẹ́ abẹ yìí kọjá ohun tí ìdílé lásán lè dá san. Nítorí náà, ẹni tí adójútòfò rẹ̀ bá kọ̀, ìtọ́jú ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwé àdéhùn àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí sábà máa ń sọ pé àwọn kì í sanwó ìtọ́jú tí ó ṣì jẹ́ ìdánwò. Ìyọ̀ǹda àánú kò béèrè ẹ̀rí kíkún. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn dì í mú pé ìdánwò ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi méjì wé ara wọn. Láti ọdún 2003 ni Medicare, ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ti ń sanwó irú iṣẹ́ abẹ yìí fún àìsàn Parkinson. Dókítà kan náà lè ṣe méjèèjì ní yàrá iṣẹ́ abẹ kan náà, pẹ̀lú irú wáyà kan náà. A ó sanwó fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tí èrò rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sùn yóò máa kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ọdún 2008 ti sọ pé adójútòfò tí ó bá ń sanwó fún àìsàn ìrònú kò gbọdọ̀ le mọ́ ọn ju bí ó ti ń ṣe sí àìsàn ara lọ. Òfin náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà "ìdánwò" ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ìpo yìí wá di òbìrípo. Adójútòfò ń béèrè ìwádìí ńlá. Ilé-iṣẹ́ tí kò lè jèrè kò rí ìdí láti náwó sórí ìwádìí ńlá. Bí a kò bá sì sanwó fún aláìsàn, àwọn tí a ṣe é fún kò ní pọ̀ tó láti mú ẹ̀rí jáde. Láàárín gbogbo èyí, aláìsàn ni a ní kí ó máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kí ó máa kó ìwé dókítà jọ, kí ó sì máa pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bẹ́ẹ̀, àìsàn rẹ̀ gan-an lè mú kí ó ka ojú ìwé kan ṣoṣo ní ogún ìgbà, kí ó má sì dá a lójú pé òun ti kà á.

7.0 Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ìṣòro kò tán sí ojú iṣẹ́ abẹ. Agbára mànàmáná tí àìsàn aṣetúnṣe ń béèrè sábà máa ń pọ̀ ju ti Parkinson lọ, bátìrì sì máa ń tètè tán, nígbà mìíràn láàárín ọdún kan sí méjì. Bátìrì tí a lè fi iná sí padà ti dín èyí kù fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ kò ṣeé fi iná sí gbọ́dọ̀ padà sábẹ́ ọ̀bẹ, adójútòfò sì lè kọ̀ nígbà náà. Bí bátìrì bá tán, àìsàn lè padà dé. Ẹni tí kò rí ìtọ́jú rí mọ ìyà kan; ẹni tí ó rí i, tí ó tún pàdánù rẹ̀, mọ méjì.

8.0 Òòfà àti Ìrírí Ilẹ̀ Yúróòpù

Ọ̀nà kejì wà tí kò nílò ọ̀bẹ. Ní ọdún 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi agbára òòfà ta ọpọlọ jí láti òde orí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, FDA gba ẹ̀rọ òòfà ilé-iṣẹ́ BrainsWay wọlé fún àìsàn aṣetúnṣe, lórí ìwádìí tí a fi aláìsàn 100 ṣe. Ìdá 38 nínú 100 àwọn tí wọ́n gba òòfà gidi ni ara tù dáadáa, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 11 nínú 100 láàárín àwọn tí a fi ẹ̀rọ asán ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n aláìsàn ní láti lọ sí ilé ìwòsàn ní ìgbà 29 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tí ó jìnnà sí ìlú ńlá, tàbí tí ọ̀gá rẹ̀ kò ní yọ̀ǹda rẹ̀ níbi iṣẹ́, ilẹ̀kùn kò fẹ̀ fún un.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìjọba ti ń sanwó ìtọ́jú, àjọ NICE sọ ní ọdún 2021 pé inú ìwádìí nìkan ni kí a ti máa ṣe ìtají inú ọpọlọ fún àìsàn yìí. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ dókítà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pawọ́ pọ̀ kọ̀wé nínú Nature Medicine, wọ́n sì pe àìrí-ìtọ́jú-gbà yìí ní ìṣòro ńlá tí ó ń béèrè àtúnṣe kíákíá.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ohun mẹ́ta ni ìtàn yìí so pọ̀: ìbẹ̀rù tí iṣẹ́ abẹ àtijọ́ fi sílẹ̀, ìyọ̀ǹda tí a fi àánú fún ni, àti ọwọ́ tí ó di àpò owó mú. Ìṣọ́ra kò burú. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra tí ó bá gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ aláìsàn, tí kò sì gbé owó ìwádìí kalẹ̀, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Fún àwa tí a ń kọ́ni àti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ nípa bí a ṣe ń ka ìtàn. Nígbà tí ìwé bá sọ pé "ní ọdún báyìí ni ìjọba fọwọ́ sí i," kí a má ṣe rò pé ibẹ̀ ni ìtàn parí sí. Kí a béèrè ẹni tí ó sanwó, ẹni tí ọ̀nà jìn fún, àti iye àwọn tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: aṣòfin, dókítà, olùṣe ẹ̀rọ àti adójútòfò kò lè dá a ṣe. Àfi bí wọ́n bá jùmọ̀ ṣe é ni aláìsàn yóò fi rí ohun tí òfin ti ní kí ó gbà láti ọdún 2009.