Ìgbàgbọ́ Òbí, Ọ̀nà Ọmọ: Àyẹ̀wò Ìdílé Ransome-Kútì ní Abẹ́òkúta

1.0 Ìfáárà
Bí ọmọ olùfọkànsìn bá kọ ẹ̀sìn ilé sílẹ̀, àwọn òbí ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. A ó ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àlàyé náà kò kún tó. Ìdílé Ransome-Kútì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

2.0 Ìran Mẹ́rin
Líkòyé Kútì, ahunṣọ, tako ẹ̀sìn Kristi. Ìyàwó rẹ̀ gbà á. Ọ̀nà ìyá ni ọmọ wọn, Josiah (1855–1930), tọ̀. Ó di àlùfáà Áńgílíkà. Ní 1922, wọ́n gba àwọn orin ìsìn tí ó kọ ní èdè Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun (1891–1955), tẹ̀ lé e: òun náà di àlùfáà, ó sì jẹ́ ọ̀gá Abeokuta Grammar School láti 1932 títí di 1954. Òun ni ó bí Fẹlá ní 1938. Ilé àlùfáà ni Fẹlá dàgbà sí. Ilé ìwé baba rẹ̀ ni ó sì lọ. A kò lè sọ pé a kò kọ́ ọ. Síbẹ̀, láàárín 1970 sí 1979, ó yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. Ó fi orin bu ẹnu àtẹ́ lu ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ó sì ń bọ òrìṣà ní gbangba.

3.0 Àwọn Ìdí
Èkínní, baba, àlùfáà àti ọ̀gá ilé ìwé jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ bí ó ti jẹ ẹgba tó lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń sá fún pàṣán lè sá fún àdúrà pẹ̀lú.

Èkejì, ní Amẹ́ríkà ní 1969, ó ka ìtàn ayé Malcolm X. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wo ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọ̀nà mìíràn. Nígbẹ̀yìn, orúkọ òyìnbó tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ di orúkọ ẹrú lójú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tí a sábà máa ń gbàgbé, ilé náà ni ó ti kọ́ àìgbà fún aláṣẹ. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti tako owó orí, títí Aláké fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949.

4.0 Ìkádìí
Fẹlá kọ ẹ̀sìn ilé, ṣùgbọ́n kò kọ orin Josiah, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ ìgboyà Fúnmiláyọ̀. Josiah pàápàá kò tọ ọ̀nà Líkòyé. Ohun tí a fi yin bàbá àgbà náà ni a fi bú ọmọ-ọmọ. Nítorí náà, kí a tó béèrè ẹni tí kò kọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí ọmọ náà rí kọ́.