Àjẹ́ Àná Kọ́: Bí Iná Inú Ara Ṣe Yí Ìbéèrè Aláìsàn Padà

Ní Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, àwọn ère òkúta tó lé ní 800 wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, ọ̀pọ̀ wọn lórí ìjókòó, àwọn mìíràn pẹ̀lú ohun ìjà lọ́wọ́. Ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, fi ọ̀rọ̀ wọn tó ìjọba létí, nígbà tó sì di 1945, mùsíọ́mù tí a kọ́ fún wọn ṣílẹ̀kùn, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àlejò tó wọ̀lú, tí wọ́n sì di òkúta. Ọ̀nà tí ìtàn náà ń gbà ronú ló yẹ kí a kíyèsí: bí ara tó ń rìn bá dúró, agbára kan láti ìta ló dá a dúró. Òwe wa ronú bẹ́ẹ̀ náà: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Apá ẹnìkan kú, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ń ta á bí ìgbà tó tẹ ẹyin iná, wárápá gbé ọ̀dọ́ ṣubú létí ààrò, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹbí ni pé, ta ló ṣe é? Ẹ̀rọ tó ń fi iná yẹ iṣan àti ọpọlọ wò gbé ìbéèrè mìíràn dé: ibo ni? Ibo gan-an, láti ọpọlọ dé ìka ẹsẹ̀, ni iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró? Ìbéèrè yìí ti yọ ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó nínú ẹ̀sùn tí wọn kò mọwọ́mẹsẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá tọ ìtàn rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, a ó rí i pé “ibo ni” ni ẹ̀rọ lè dáhùn. “Kí ló fà á” kò sí nínú ẹ̀rọ. Ọwọ́ ẹni tó fẹsẹ̀ rin ìlú, tó wo ohun tí wọ́n ń jẹ, tó sì jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó ṣojú rẹ̀, ló wà.

Pé iná wà nínú ẹran ara kì í ṣe àjèjì sí wa. Apẹja tó bá fọwọ́ kan òjíjí nínú àwọ̀n mọ bí ẹja náà ṣe ń gbọn ènìyàn láti ọwọ́ dé èjìká. Òjíjí yìí gan-an bá wọn dá sí ìtàn tí à ń sọ. Ní 1791 ni Luigi Galvani, ará Ítálì, tẹ̀wé lórí bí iná ṣe ń mú itan ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú fò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Emil du Bois-Reymond, ní Berlin, fi ayé rẹ̀ wádìí iná inú iṣan. Àwọn ajíhìnrere ará Scotland tó wà ní Creek Town, lẹ́bàá Calabar, fi òjíjí ránṣẹ́ sí Edinburgh. John Goodsir tó gbà á níbẹ̀ fi díẹ̀ ránṣẹ́ láàyè sí Berlin, nígbà tó sì di 1858, du Bois-Reymond ti kọ̀wé lórí wọn. Ẹja odò tiwa, nígbà náà, wà lára ohun tí ìmọ̀ yìí fi dàgbà. Ní 1850, Hermann Helmholtz ti wọn eré tí iṣẹ́ ń sá nínú iṣan ọ̀pọ̀lọ́: nǹkan bíi mítà 27 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣáájú rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé kò sí ẹni tó lè wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lásán, ó ṣe pàtàkì fún aláìsàn: ohun tí a bá lè wọn eré rẹ̀ ni a lè mọ ìgbà tó ń falẹ̀, a sì lè mọ ibi tó ti ń falẹ̀. Ti ọpọlọ pẹ́ díẹ̀. Richard Caton rí iná nínú ọpọlọ ẹranko ní Liverpool ní 1875. Hans Berger, ní Jena, ká ti ènìyàn sílẹ̀ ní 1924, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929.

Yorùbá ń pe ohun mẹ́ta ní iṣan: èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, èyí tó so ẹran mọ́ eegun, àti èyí tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ara, tó tún ń gbé ìmọ̀lára padà. Kò yani lẹ́nu, nítorí lójú lásán okùn ni gbogbo wọn jọ. Àyẹ̀wò oníná ló ń ya ẹ̀kẹta sọ́tọ̀. Aláìsàn á na apá rẹ̀ sórí tábìlì. Olùyẹ̀wò á lẹ irin pẹlẹbẹ kékeré mọ́ ìdí àtàǹpàkò rẹ̀, á fi iná díẹ̀ ta á ní ọrùn ọwọ́, àtàǹpàkò á sì fò. Á tún ta á ní ìgúnpá. Àtàǹpàkò á tún fò, ṣùgbọ́n ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìwọ̀n tí ojú kò lè rí. Á fi téèpù wọn àlàfo ibi méjèèjì, á sì fi ìyàtọ̀ àkókò pín in. Lápá àgbà tí ara rẹ̀ dá, iṣẹ́ náà ń sáré tó mítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá falẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ nìkan, ohun kan fún iṣan náà pa níbẹ̀. Bó bá falẹ̀ jákèjádò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èèpo tó bo iṣan ló ti bàjẹ́. Bí eré rẹ̀ bá pé ṣùgbọ́n tí àtàǹpàkò kò fò tó bó ṣe yẹ, inú okùn iṣan fúnra rẹ̀ lè ti máa kú. Ti ọpọlọ gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó tú irun dídì, nítorí nǹkan bí 20 irin kékeré gbọ́dọ̀ kan awọ orí níbi tí a ti wọ̀n fún wọn. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ṣùkú mọ ohun tí èyí gbà lọ́wọ́ òun. Iná tí ẹ̀rọ ń gbọ́ níbẹ̀ kéré débi pé ẹyọ bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan fi nǹkan bí ìlọ́po 30,000 lágbára jù ú lọ. Ìdí nìyí tí wáyà iná ara ògiri fi lè ba àyẹ̀wò náà jẹ́.

Ibi tí irú ìwádìí yìí ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa, Ìbàdàn ni, ní ilé ìwòsàn UCH tó ṣílẹ̀kùn ní 1957. Olórí ẹni tí a ó dárúkọ ni dókítà Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tí wọ́n bí ní 1935. Àìsàn kan ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Láti àwọn ọdún 1930 ni dókítà Moore ti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbé ọgbà, tí gàrí pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, tí ojú wọn sì ń ṣe bàìbàì. Ní 1958, G. L. Money kọ̀wé nípa àwọn ará agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí ẹsẹ̀ ń jó, tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kú tipiri, tí wọ́n sì ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn lókùnkùn, torí wọn kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà mọ́. Ẹni tó bá rí èyí, tó sì gba òwe àjẹ́ àná gbọ́, kò ní í ṣòro fún un láti mọ ẹni tí yóò mú. Osuntokun wọn iṣan wọn. Ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1968 nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn tó ń jẹ́ Brain kó ohun mẹ́ta pọ̀: ohun tí dókítà rí lára aláìsàn, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àti ohun tí iná sọ nípa iṣan wọn. Iṣan wọ̀nyí ń falẹ̀. Ìbéèrè “ibo ni” ti ní ìdáhùn: nínú iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ni, nínú okùn tí a lè fọwọ́ tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè sọ ìdí tí iṣan fi falẹ̀. Kí wọ́n tó lè máa wá ìdí, wọ́n ní láti kúrò ní Ìbàdàn. Osuntokun, Monekosso àti Wilson lọ sí abúlé, wọ́n yẹ àwọn ènìyàn wò, wọ́n sì béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ìròyìn wọn jáde ní 1969. Ojú wọn lọ sára gbágùúdá, torí oró cyanide wà nínú rẹ̀, bí a kò bá sì rẹ ẹ́ kó ba, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a sì yan án dáadáa, díẹ̀ lè ṣẹ́kù nínú gàrí tàbí làfún. Àwárí yìí gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ ẹni tó bínú, ó gbé e lé ìkòkò àti agbada lórí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Nígbà tí Oluwole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà lọ sí Ososa, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n rí i, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2000, pé àìsàn náà ṣì wà, ó sì ti pọ̀ sí i: ìdá 6 nínú 100, níbi tó ti jẹ́ 2.2 ní 1969. Ní 2002, wọ́n tún ròyìn pé ní àwùjọ mìíràn tí cyanide pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, àìsàn náà ò pọ̀. Ìyẹn mi ìgbàgbọ́ pé gbágùúdá nìkan ló fà á. Ó yẹ kí èyí kọ́ wa ní nǹkan: iná ti dáhùn ìbéèrè tirẹ̀ láti 1968, ohun tó dáhùn kò sì yí padà, ìdí ni àwọn ènìyàn ṣì ń fẹsẹ̀ wá.

Wárápá fi èyí hàn jù. Ọmọ tí gìrì mú, ní ọ̀pọ̀ ilé, ìtọ̀ màlúù tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ ewé tábà, ááyù àti ẹ̀fínrín ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Àwọn kan sì máa ń ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná kó lè jí. Bí ó bá sì di wárápá, ìbẹ̀rù itọ́ ẹnu rẹ̀ á sọ ọ́ di ẹni tí a kì í bá jẹun nínú àwo kan náà. Ní 1970, Osuntokun àti Latunde Odeku, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó padà sí Ìbàdàn ní 1962, kọ̀wé lórí àwọn 522 tó ní wárápá níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ọpọlọ ni wọ́n kọ̀wé lé lórí; kò ràn láti ara itọ́. Síbẹ̀, ohun tó jinlẹ̀ jù kò ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ wá. Nígbà tí Osuntokun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rin ilé dé ilé ní Ayétẹ̀, wọ́n rí wárápá lára 37 nínú ẹgbẹ̀rún. Ìlú kékeré ni, àwọn tí wọ́n wò kò tó 1,000. Nígbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Igbó-Ọrà, nínú Ìbàràpá kan náà, láàárín nǹkan bí 19,000 ènìyàn, 5.3 ni wọ́n rí nínú ẹgbẹ̀rún. Ìròyìn náà jáde ní 1987. Àlàyé tí wọ́n fún un ni pé ètò ìlera Yunifásítì Ìbàdàn ti wà ní Igbó-Ọrà fún ọ̀pọ̀ ọdún: ìbímọ tó dára sí i, ibà tí a tètè tọ́jú, àjẹsára. Bí irin ogún bá wà lórí gbogbo orí ní Ayétẹ̀, wọn kì bá rí èyí. Ìbéèrè tí a bi ìyá lẹ́nu ọ̀nà ló fi hàn.

Àwọn kan yóò ní, ṣé ìwọ fúnra rẹ kò ti bu ẹ̀rọ kù báyìí? Wọ́n lè fi kún un pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní wárápá, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kì í rí nǹkan kan nínú ọpọlọ wọn. Òtítọ́ ni, torí ọpọlọ kì í sábà hùwà ìjì ní ogún ìṣẹ́jú tí a ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀lé ẹ̀rí ẹnu, tí ẹ̀rí ẹnu kì í fi tẹ̀lé e. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn baba wa ti mọ ara tipẹ́; wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́, wọ́n mọ òjíjí, wọ́n sì ya gìrì sọ́tọ̀ sí wárápá kí òyìnbó tó dé. Ohun tí wọn kò ní ni ọ̀nà láti wo inú okùn tí a kò lè là. Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó ní ìmọ̀ ọpọlọ ti bú wa rí. Ní 1953, J. C. Carothers kọ ìwé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó ní ènìyàn dúdú kì í lo iwájú ọpọlọ rẹ̀ tó, bí òyìnbó tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ síbẹ̀. Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó darí ilé ìwòsàn Àró, ta ko irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rí ohun tó ṣe Carothers: ó ti fún “irú ènìyàn wo ni wọ́n” ní ìdáhùn kó tó bi wọ́n léèrè. Àṣìṣe àjẹ́ àná ni, ó kàn wọ aṣọ dókítà. Ibi tí ọmọ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dúró ti ẹ̀rọ, tó sì mọ oúnjẹ àti èdè àwọn aláìsàn, ni ìmọ̀ náà ti ṣe wá lóore.

Èyí ló mú mi padà sí Ìgbómìnà. Ẹni tí wárápá ń dà láàmú ní Òmù-Àrán lè ní láti rin ọ̀nà jíjìn kí irin tó kan orí rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bí a bá rò pé ẹ̀rọ ni ìwòsàn, ọ̀rọ̀ yìí á sú wa. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo sọ fi hàn pé apá tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà kò gba iná: kí nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn ìtòsí jókòó, kó béèrè lọ́wọ́ ìyá bí ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, apá wo ló kọ́kọ́ gbọ̀n, bó pẹ́ tó, bóyá ó fi eyín gé ahọ́n, ìbí rẹ̀ ńkọ́, ibà rẹ̀ ńkọ́, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà ni dókítà tó dúró ti ẹ̀rọ yóò kà kó tó mọ ohun tó ń wá. Títí di òní, a kò mọ ẹni tó gbẹ́ àwọn ère Èsìẹ́, nítorí kò sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn tó rí wọn nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ wọn. Ìyá tó jókòó ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn lówùúrọ̀ yìí rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. Kí a bi í kó tó gbàgbé.